Mo ní kí MySQL pa àwọn oníbàárà àtijọ́ rẹ́, ó ní kò sí ẹni tó kàn

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ìsọ̀ àdìrẹ ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ìtòkú. Tábìlì méjì ló ṣe pàtàkì nínú MySQL, ètò kọ̀ǹpútà tí à ń fi tọ́jú àkọsílẹ̀ níbẹ̀: onibara (id, oruko, foonu, ojo_wole) àti tita (id, onibara_id, iye, ojo). Àǹtí ní kí n yọ gbogbo ẹni tí kò ra nǹkan kan lọ́wọ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022 kúrò, torí owó àtẹ̀jíṣẹ́ tí à ń fi ránṣẹ́ sí wọn ti pọ̀ jù. Ohun tí mo kọ nìyí:

    DELETE FROM onibara
    WHERE id NOT IN (
      SELECT onibara_id FROM tita
      WHERE ojo >= '2022-01-01');

Ó dá mi lóhùn pé "Query OK, 0 rows affected". Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi fúnra mi lè ka ogójì èèyàn tí ẹsẹ̀ wọn ò kan ìsọ̀ wa mọ́ láti ọdún náà. Kò sì sọ pé mo ṣe àṣìṣe. Ṣé subquery kì í ṣiṣẹ́ nínú DELETE ni? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ NOT yẹn kúrò kí n wò ó bóyá yóò ṣiṣẹ́. Ọwọ́ mi ti wà lórí Enter, ẹ̀rù ló bà mí.

* * *

Ẹ̀rù yẹn ló gbà ọ́, àbúrò. Má yọ NOT kúrò. Bí o bá yọ ọ́, àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ yín títí di òní gan-an ni yóò pa rẹ́, àwọn tó ti lọ ni yóò sì ṣẹ́ kù fún yín.

Subquery, ìyẹn ìbéèrè tó wà nínú ìbéèrè, ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú DELETE. Ohun tó ṣe tìrẹ ni pé NULL wà nínú ohun tí ìbéèrè inú mú wá. Dán èyí wò:

    SELECT COUNT(*) FROM tita
    WHERE onibara_id IS NULL AND ojo >= '2022-01-01';

Ó dá mi lójú pé kò ní jẹ́ òdo. Ìtòkú lẹ wà. Àlejò tó wá wo Olúmọ a yà sọ́dọ̀ yín, a ra yáàdì mẹ́ta, a sanwó, a lọ. Ta ni yóò béèrè orúkọ rẹ̀? Ẹni tó ń tẹ ọjà náà sínú kọ̀ǹpútà á fo ibi tí nọ́ńbà oníbàárà yẹ kó wà. Àlàfo yẹn ni NULL.

Jẹ́ kí n fi ìwé Àǹtí ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní inú ìwé ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó rajà sí, tí aró wá ta sórí ìlà kan, tí orúkọ ibẹ̀ ò ṣeé kà mọ́. Mo wá bi ọ́ pé: ṣé Ìyá Ọlọ́fàdà wà nínú ìwé náà? Bí o bá rí orúkọ rẹ̀ lórí ìlà míì, ó tán, ó wà níbẹ̀. Bí o ò bá wá rí i ńkọ́? Ṣé o lè búra pé kò sí níbẹ̀? O ò lè búra, torí ìlà tí aró bò yẹn lè jẹ́ tirẹ̀. "Mi ò mọ̀" ni ìdáhùn tó jẹ́ òótọ́. Bí SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ṣe ń dáhùn nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ mẹ́ta ni: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò mọ̀. DELETE kì í fọwọ́ kan ìlà kankan àfi èyí tí WHERE bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" fún. NULL ẹyọ kan ṣoṣo ti tó láti sọ gbogbo ẹni tó yẹ kó lọ di "mi ò mọ̀". Ìdí tó fi ní òdo nìyẹn, ìdí náà nìyẹn tí kò fi pariwo, torí lójú tirẹ̀, kò sí àṣìṣe kankan.

Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ nìyí, ṣùgbọ́n SELECT ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Má tíì pa ẹnikẹ́ni rẹ́:

    SELECT * FROM onibara
    WHERE onibara.ojo_wole < '2022-01-01'
      AND NOT EXISTS (
        SELECT 1 FROM tita
        WHERE tita.onibara_id = onibara.id
          AND tita.ojo >= '2022-01-01');

Wàá rí i pé mo fi ojo_wole kún un. Ẹni tó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí kò tíì rajà, òun náà kò ní ìlà kankan nínú tita. Bí o bá fi tìrẹ sílẹ̀ bó ṣe wà, wọn yóò kó o mọ́ àwọn tó ti lọ.

* * *

Mo ti ka ohun tí ẹ kọ sísàlẹ̀. Èrò tí ọ̀pọ̀ yín mú wá ni pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ náà gùn tó bẹ́ẹ̀: kó kàn fi "AND onibara_id IS NOT NULL" sínú ìbéèrè inú, kó sì máa lo NOT IN rẹ̀ lọ.

Òótọ́ ni, yóò ṣiṣẹ́. Mi ò jiyàn ìyẹn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ti kọ ọ́ sára tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òpó (column) onibara_id náà kò gbọdọ̀ ṣófo, NOT IN kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ibi tí mo ti kọ̀ ni pé ọgbọ́n yẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó bá rántí. Àbúrò yìí yóò rántí lónìí torí ó ti jìyà rẹ̀. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ yóò da ìlà yẹn kọ sí ibòmíì, yóò fo IS NOT NULL, kò sì ní sí ohun tí yóò ké sí i. NOT EXISTS ò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni rántí nǹkan. Ó mú oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ó bi í pé: ọjà kankan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tìrẹ? Ìlà tí aró bò, kò lè fi dájú pé tirẹ̀ ni, torí náà kò ka ìlà yẹn sí.

Àmọ́ ẹni tó wá sọ pé "ẹni tó bá ti lo NOT EXISTS ti bọ́", ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi ìyẹn kọ́ ọmọ. Ewu kan wà tí NOT EXISTS àti NOT IN jọ ní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ ó yára mọ ohun tí mo ń sọ. Wọ́n á fi páànù tí wọ́n gé tẹ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, ẹ̀kọ yóò gbẹ, wọ́n á wá ri aṣọ bọ inú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Nínú DELETE tó ní NOT, ìbéèrè inú ni ẹ̀kọ. Àwọn tó bá mú wá ni yóò là, gbogbo ìyókù yóò lọ. Bí a ò bá wá tẹ ẹ̀kọ rárá ńkọ́? Gbogbo aṣọ ni yóò dúdú. Bí tábìlì tita bá ṣófo, bóyá torí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dátábéèsì sórí kọ̀ǹpútà tuntun, tí ọjà títà ò tíì wọlé, tàbí ọwọ́ yín ṣì tẹ 2202 dípò 2022, ìbéèrè inú kò ní mú ẹnì kankan wá, DELETE yóò sì kó gbogbo oníbàárà lọ láìku ẹnì kan.

Ẹ wò ó: NULL kan nínú NOT IN, kò pa ẹnikẹ́ni rẹ́. Ìbéèrè inú ṣófo, ó pa gbogbo wọn rẹ́. Gbólóhùn kan náà ni. Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ìbéèrè inú mú wá kí ẹ tó tẹ DELETE.

* * *

Ẹnìkan bi mí pé kí ló dé tí mo ń kọ tita.onibara_id àti onibara.id gígùn gbọọrọ nígbà tí orúkọ òpó nìkan ti tó. Ìbéèrè yẹn ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo èyí tí mo rí lónìí, torí ó ti fi omi sójú mi rí.

Nígbà kan, mò ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nínú ìlú yìí tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn. Àwọn mẹ́sàn-án fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Akọ̀wé wọn fún mi ní nọ́ńbà wọn, mo sì tẹ̀ ẹ́ sínú tábìlì kékeré kan tí mo pè ní akuro. Mo wá kọ èyí:

    DELETE FROM omo_egbe
    WHERE omo_id IN (SELECT omo_id FROM akuro);

Ẹ má jẹ́ kí n fi pamọ́: kò sí òpó kankan tó ń jẹ́ omo_id nínú akuro. "nomba" ni mo pè é níbẹ̀, mo ti gbàgbé. Mo rò pé bí mo bá ṣì orúkọ kọ, yóò kọ̀, yóò ní òun ò mọ òpó náà. Kò kọ̀. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló lọ.

Ohun tó fà á rèé. Bí o bá wà nínú yàrá, tí o ké pe "Ìyá Ìbejì!", tí kò sí Ìyá Ìbejì kankan nínú yàrá náà, Ìyá Ìbejì tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò jẹ́ "ooo". Ìbéèrè inú ni yàrá, ìbéèrè òde ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. SQL wá omo_id nínú akuro, kò rí i, ó bojú wo òde, ó rí i nínú omo_egbe, ó mú un. Ìbéèrè mi wá di pé: ṣé omo_id ọmọ ẹgbẹ́ yìí bá omo_id òun fúnra rẹ̀ mu? Ta ni kò ní bá ara rẹ̀ mu? MySQL nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. PostgreSQL àti SQLite, tí àwọn náà jẹ́ ètò dátábéèsì, ń ṣe é. Bí ìlànà èdè náà ṣe wà nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò yí i padà nítorí wa.

Ká ní mo pè é ní akuro.omo_id ni, ìyẹn bí ìgbà tí mo bá pe "Ìyá Ìbejì inú yàrá yìí", ojú ẹsẹ̀ ni ì bá ti sọ fún mi pé "Unknown column". Orúkọ tábìlì kan péré, lẹ́tà márùn-ún àti àmì kan.

Backup tó wà nílẹ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́rin. Òru méjì ni èmi àti akọ̀wé fi jókòó ti ìwé rìsíìtì, tí à ń tẹ owó tí wọ́n san láàárín ọjọ́ mẹ́rin náà padà lẹ́yọ lẹ́yọ. Bàbá akọ̀wé náà ò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ń ka nọ́ńbà, èmi ń tẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Láti ìgbà yẹn, ohun méjì ni mi ò jẹ́ fi ṣeré. Èkíní, gbogbo òpó tó bá wà nínú ìbéèrè inú gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ tábìlì rẹ̀. Èkejì, bí ìbéèrè inú bá dá dúró, mo máa ń gé e jáde, mo máa ń ṣe é lóun nìkan. "SELECT omo_id FROM akuro" ì bá ti kọ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn, torí kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kankan níwájú rẹ̀ tí yóò wò.

Arákùnrin tó ní "NOT EXISTS kò ṣeé gé jáde" sọ òótọ́. Ó ń tọ́ka sí tábìlì òde, torí náà kò lè dá dúró. Fún irú ìyẹn, DELETE ni kí o sọ di SELECT, kí gbogbo ìyókù wà bó ṣe wà.

* * *

Àbúrò wa ti padà wá. Ó ní NULL tí òun rí lé ní igba, pé àwọn tó ń yà ra ọjà ni lóòótọ́. Ó wá mú ọ̀rọ̀ míì wá: àwọn oníbàárà kan wà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, foonu wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Ó fẹ́ kí ìlà tó kéré jù nínú id nìkan ṣẹ́ kù. Ó kọ ọ́ báyìí:

    DELETE FROM onibara
    WHERE id NOT IN (
      SELECT MIN(id) FROM onibara GROUP BY foonu);

MySQL sì bínú: "You can't specify target table 'onibara' for update in FROM clause". Àṣìṣe 1093 nìyẹn.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, àbúrò. MySQL kì í gbà kí o pa ìlà rẹ́ nínú tábìlì kan kí ìbéèrè inú tún máa ka tábìlì yẹn nígbà kan náà. PostgreSQL àti SQLite ò ní wàhálà yẹn, àwọn yóò ṣe é. Ní MySQL, ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà ni kí wọ́n fi ìbéèrè kejì bo ti àkọ́kọ́, kó lè kọ ìdáhùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa nǹkan rẹ́:

    WHERE id NOT IN (
      SELECT x.kekere FROM (
        SELECT MIN(id) AS kekere
        FROM onibara GROUP BY foonu) AS x)

Ṣùgbọ́n dúró ná. Má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tí wàá rí níbi gbogbo nìyẹn, ó sì léwu fún ìsọ̀ yín.

Ṣé gbogbo oníbàárà yín ló ní foonu nínú àkọsílẹ̀? Àwọn ìyá àgbà tí kò fún yín ní nọ́ńbà ńkọ́? NULL ni foonu wọn. Bí o bá sọ pé kí SQL fi NULL wé NULL, yóò ní òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n GROUP BY kì í bèèrè bẹ́ẹ̀: gbogbo NULL ni yóò kó sínú ẹgbẹ́ kan. Yóò wá mú MIN(id) kan péré nínú wọn. Gbogbo ìyá àgbà yín yóò lọ, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò kù.

Ẹnìkan ti kọ ọ́ kí n tó parí pé kó fi "WHERE foonu IS NOT NULL" sínú ìbéèrè inú. Ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ! Rántí ẹ̀kọ: ìbéèrè inú ni àwọn tó máa là. Bí o bá yọ àwọn tí kò ní foonu kúrò níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tí ì bá kù nínú wọn náà yóò bá wọn lọ. Ìta ni kí o fi í sí:

    WHERE foonu IS NOT NULL
      AND id NOT IN ( ... )

Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní NULL, tó jẹ́ pé òfìfo lásán ló wà níbẹ̀, ìyẹn '', fi "AND foonu <> ''" kún un. Kí o sì tó pa ìlà kejì àti ìkẹta rẹ́, kọ́kọ́ fi UPDATE gbé ọjà tó wà lábẹ́ wọn nínú tita sábẹ́ id tó máa kù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó ti ra ọjà lọ́wọ́ yín ní ìgbà mẹ́wàá lè di ẹni tó rajà lẹ́ẹ̀mejì péré. Nọ́ńbà tí ẹnìkan kọ ní 0803 tí ẹlòmíì kọ ní +234803, GROUP BY kò mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n. Tún ìyẹn ṣe ṣáájú.

* * *

Àríyànjiyàn JOIN, ìyẹn síso tábìlì méjì pọ̀ nínú ìbéèrè kan, tún ti dé, bó ṣe máa ń dé. "Ẹni tó bá mọṣẹ́ kì í lo subquery, JOIN ló ń lò."

Rárá o. Ní MySQL o lè kọ "DELETE o FROM onibara AS o LEFT JOIN tita AS t ON ... WHERE t.id IS NULL", yóò sì ṣiṣẹ́, bí o bá fi ọjọ́ sínú ON tí o ò fi í sínú WHERE. PostgreSQL ò mọ irú ìyẹn, USING ni tirẹ̀. SQLite ò gba JOIN nínú DELETE rárá. Subquery nìkan ni gbólóhùn tí mo lè gbé láti ọ̀kan sí èkejì láìyí i padà. Ẹ má sì gbàgbé pé lẹ́tà kan péré ló wà láàárín "DELETE o" àti "DELETE o, t". Pẹ̀lú JOIN lásán, èyí èkejì yóò pa ìlà rẹ́ nínú tábìlì méjèèjì.

Ní ti pé JOIN yá ju subquery lọ, tí wọ́n ń sọ, ó ní ìtìlẹ́yìn láyé àtijọ́. MySQL kì í tún ìbéèrè inú DELETE ṣe dáadáa títí di 8.0.21. Láti ìgbà yẹn, IN àti EXISTS inú DELETE ti lè gba ọ̀nà yíyá kan náà tí ti SELECT ń gbà. Fún ìsọ̀ tí oníbàárà rẹ̀ ò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ, index, ìyẹn atọ́ka tó ń mú wíwá ìlà yá, lórí tita (onibara_id, ojo) ti tó.

Ẹni tó sì ní kó lo "=" dípò IN, ìyẹn dá lórí pé ìbéèrè inú kò ní mú ju ẹyọ kan wá láé. MySQL àti PostgreSQL yóò kọ̀ bó bá mú méjì wá. SQLite ò ní kọ̀: ìlà àkọ́kọ́ tó bá rí ni yóò mú, yóò sì dákẹ́. Mo bẹ̀rù irú ìdákẹ́ yẹn.

* * *

"Bí iná bá lọ nígbà tí DELETE ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ńkọ́?" Ará Òkè-Ìléwó ló béèrè, ìbéèrè gidi sì ni fún wa níbí.

Bó bá jẹ́ InnoDB ni tábìlì yín ń lò, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ (engine) tí MySQL fi ń tọ́jú tábìlì, ohun tí kò tíì dé COMMIT, àṣẹ tó ń fìdí iṣẹ́ múlẹ̀, yóò padà sí bó ṣe wà nígbà tí MySQL bá jí. Bó bá jẹ́ MyISAM, tí mo ṣì ń rí nínú àwọn dátábéèsì àtijọ́, èyí tó ti lọ ti lọ, kò sí ROLLBACK, àṣẹ tó ń dá iṣẹ́ padà, níbẹ̀. Tẹ "SHOW CREATE TABLE onibara", wo ìdí rẹ̀, wàá rí ENGINE. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo SQLite, bí iná bá dé tí ẹ bá rí fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí -journal lẹ́gbẹ̀ẹ́ dátábéèsì yín, ẹ má pa á rẹ́. Inú rẹ̀ ni ohun tí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe wà. Ìwọ àbúrò, inú transaction, ìyẹn iṣẹ́ tí o ṣì lè dá padà, ni kí o ti ṣe DELETE rẹ ní MySQL:

    START TRANSACTION;
    DELETE FROM onibara WHERE ... ;
    SELECT COUNT(*) FROM onibara;

Lẹ́yìn èyí ni kí o tó yan ROLLBACK tàbí COMMIT. Iye tí DELETE bá sọ pé òun pa rẹ́ gbọ́dọ̀ bá iye ìlà tí SELECT tí o kọ́kọ́ fi dán an wò ṣáájú mú wá mu. Bó bá fi ẹyọ kan yàtọ̀, ROLLBACK. Má ṣí transaction sílẹ̀ kí o lọ jẹun o. Ẹni tó ń tajà lórí kọ̀ǹpútà kejì yóò máa dúró dè ọ́ láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

* * *

Àbúrò wa ti tẹ SELECT náà jáde, èyí tó ń wá àwọn tó ti lọ. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ló mú wá. Ó ní òun kà á fún Àǹtí lọ́kọ̀ọ̀kan, Àǹtí sì dá òun dúró lórí orúkọ mẹ́ta: "Ìyẹn ṣì jẹ mí lówó!" Gbèsè wọn wà nínú tábìlì míì tí kò tíì bá wa sọ tẹ́lẹ̀.

Inú mi dùn sí èyí gan-an. Kò sí gbólóhùn SQL kankan tó lè mọ̀ pé onígbèsè kì í ṣe oníbàárà tó ti lọ, àfi ẹni tó ni ọjà. Fi NOT EXISTS kejì kún un, fún gbese, kí orúkọ tábìlì wà lára òpó kọ̀ọ̀kan. Méjìdínlọ́gọ́ta ni yóò kù.

Àwọn tó ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pa nǹkan rẹ́ láé, pé kó fi òpó kan sí i tí yóò máa sọ pé "ó ti lọ", mo gbọ́ yín. Fún ọjà títà àti owó, mo wà lẹ́yìn yín. Fún orúkọ àti foonu ẹni tó ti lọ, mi ò sí níbẹ̀. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ní kí a má tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹlòmíì kọjá ìgbà tí ohun tí a torí rẹ̀ gbà á bá ti parí. Bí a bá tilẹ̀ fi òfin sílẹ̀, nọ́ńbà foonu tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà wa, kò sẹ́ni tó lè jí i níbẹ̀.

Ẹni tó ní kó fi ON DELETE CASCADE sí i, ìyẹn àṣẹ pé bí a bá pa oníbàárà rẹ́ kí ọjà rẹ̀ nínú tita bá a lọ, mo kọ̀ pátápátá. Ọjà tí àwọn méjìdínlọ́gọ́ta yìí rà kí 2022 tó dé wà nínú tita. CASCADE yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ, iye tí Àǹtí pa lọ́dún wọ̀nyẹn yóò sì yí padà nínú ìwé.

Àbúrò ti wo tirẹ̀, ON DELETE SET NULL ló wà níbẹ̀. Ìyẹn dára: ọjà yóò wà, owó yóò wà, orúkọ nìkan ni yóò kúrò. Ṣùgbọ́n àbúrò, wo ohun tó túmọ̀ sí. DELETE rẹ yóò dá NULL tuntun sínú tita.onibara_id, lórí ọjà àwọn ọdún àtijọ́ tí kò ní NULL kankan tẹ́lẹ̀. O sọ lánàá pé ìṣirò tí Àǹtí ń wò ní gbogbo Sátidé, èyí tó ń mú orúkọ àwọn tí kò tíì rà nǹkan rí jáde, NOT IN ló wà nínú rẹ̀, pé ọjà títí dé 2020 nìkan ni ìbéèrè inú rẹ̀ sì ń kà. Ó ń ṣiṣẹ́ títí di òní torí ẹ kì í tẹ ọjà láìsí orúkọ nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ yìí ni yóò dákẹ́. Ṣí i, sọ ọ́ di NOT EXISTS, kí o fi nọ́ńbà tó mú wá wé ti Sátidé tó kọjá. Lẹ́yìn náà ni kí o tó padà wá tẹ START TRANSACTION.